Bí ọrun recurve ṣe dé ọwọ́ àwọn ọdẹ òde òní

Ẹṣin ló bí ọrun recurve, ìyẹn ọrun tí orí rẹ̀ méjèèjì ká síwájú. Ní àwọn pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ láti Mòǹgólíà títí dé etí Òkun Dúdú, orí ẹṣin ni wọ́n ti ń dọdẹ, orí ẹṣin náà ni wọ́n ti ń jagun. Ọrun gígùn kò rọ ẹlẹ́ṣin lọ́rùn: yóò máa kọ́ ọ nítan, yóò sì máa gbá ẹṣin nígbà tí ó bá fẹ́ ta ọfà sí òdìkejì. Bí wọ́n bá sì gé igi lásán kúrú, tí wọ́n fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kíá ni yóò ṣẹ́. Ọrun kúkúrú tí agbára rẹ̀ kò kúrú ni wọ́n ń wá.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ kí wọ́n tó rí i. Igi pẹlẹbẹ wà ní àárín. Ní inú ọrun, ìyẹn ìhà tó kọjú sí tafàtafà, wọ́n lẹ ìwo ẹran mọ́ igi náà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, iṣan ẹran tí wọ́n ti lù títí tó fi rí bí òwú ni wọ́n lẹ̀. Bí ènìyàn bá fa ọrun, inú rẹ̀ a máa fún pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa nà. Ìwo lè fara da ìfúnpọ̀ ju igi lọ, iṣan sì lè nà ju igi lọ láì já. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ tàbí àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ni wọ́n fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì lè tó ọdún kan kí ọrun kan ṣoṣo tó gbẹ dáadáa. Sùúrù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyẹn máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ká orí ọrun méjèèjì síwájú, kúrò lọ́dọ̀ tafàtafà. Ibẹ̀ gan-an ni recurve ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọsán, ìyẹn okùn ọrun, bá wà lórí rẹ̀, ọsán náà a sùn lé ibi tó ká yẹn. Bí a bá ṣe ń fà á ni ọsán ń ṣí kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ń gùn sí i, orí ọrun a sì máa ràn wá lọ́wọ́ láti tẹ apá rẹ̀. Nítorí náà ni fífà rẹ̀ kì í fi í le gan-an lójijì nígbà tí ọwọ́ bá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí a bá tú u sílẹ̀, ọsán a padà sùn lé ibi tó ká, a tún kúrú, a sì ti ọfà lọ tagbára-tagbára. Àwọn àgbà wa ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Òótọ́ ni, nítorí igi kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ni ọrun àwọn ọdẹ wa. Ọrun àwọn ẹlẹ́ṣin yìí kì í di ọ̀pá ní tirẹ̀. Bí ọsán rẹ̀ bá kúrò, ńṣe ni yóò ká sí òdìkejì, tí orí rẹ̀ méjèèjì yóò máa wá ara wọn kiri.

Ní ọdún 1830, nítòsí Kerch ní Crimea, wọ́n hú ohun èlò wúrà kan jáde nínú ibojì tí wọ́n ń pè ní Kul-Oba. Iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù ni, ó sì wà ní ilé ọnà Hermitage ní St. Petersburg báyìí. Jagunjagun ará Síkítíà kan, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́ṣin àtijọ́ etí Òkun Dúdú, wà lára rẹ̀ tó lóṣòó, ó ti ọrun bọ abẹ́ itan kan, ó gbé e lé itan kejì, ó ń so ọsán mọ́ ọn. Àwọn kan ṣì ń so ó bẹ́ẹ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà yẹn lè lọ́ apá ọrun. Okùn tí wọ́n ṣe fún síso ọsán ló dára jù. Ní Íjíbítì, nígbà tí awalẹ̀pìtàn Howard Carter ṣí ibojì ọba àtijọ́ Tutankhamun ní ọdún 1922, àwọn ọrun onígi kan ṣoṣo àti àwọn tí wọ́n fi ìwo àti iṣan ṣe jọ wà níbẹ̀. Àwọn ará Tọ́kì ló wá sọ iṣẹ́ yìí di ọnà gidi. Ní pápá Okmeydanı ní Istanbul, òkúta ni wọ́n fi ń sàmì sí ibi tí ọfà bá balẹ̀ sí nínú ìdíje jíjìnnà. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, akọ̀wé ikọ̀ Tọ́kì kan ní London ta ọfà kọjá yáàdì 400 lójú àwọn tafàtafà Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu sì ya gbogbo wọn.

Ìbọn lé ọrun kúrò lójú ogun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nínú igbó. Ẹni tó ṣe gudugudu méje láti dá a padà sọ́wọ́ àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà kò ní ilé iṣẹ́, kò sì ní owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1911, ọkùnrin kan tí ebi ti hàn léèmọ̀ jáde láti inú igbó nítòsí Oroville ní California. Ọmọ ẹ̀yà Yahi ni. Àwọn òyìnbó tó wá gba ilẹ̀ wọn ti pa àwọn ènìyàn rẹ̀ run, òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Ishi ni wọ́n ń pè é. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Yunifásítì California ní San Francisco ni wọ́n mú un lọ, ibẹ̀ ni òun àti dókítà Saxton Pope ti di ọ̀rẹ́. Ishi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọrun, bí wọ́n ṣe ń lẹ iṣan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ́ bá ẹran. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní oṣù Kẹta ọdún 1916. Ó máa ń dùn mí pé ẹni tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún jókòó fún wọn ní ìmọ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Pope àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Arthur Young, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọrun dọdẹ béárì. Young ya fíìmù ìrìn àjò rẹ̀ ní Alaska, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fred Bear sì wò ó ní Detroit ní ọdún 1927. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti kúrò nídìí ọrun mọ́. Ní 1933, nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fi dọ́là 600 bẹ̀rẹ̀ òwò tiwọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Wisconsin ya àkókò sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ọrun nìkan dọdẹ àgbọ̀nrín, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ọrun wá di ọjà.

Ogun àgbáyé kejì ló mú ohun tó sọnù padà wá. Okùn dígí tí a mọ̀ sí fáíbà pọ̀ lọ́jà lẹ́yìn ogun náà, Bear àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àti ẹ̀yìn igi tín-ínrín. Ẹ wò ó dáadáa: igi ní àárín, ohun tó ń fara da ìfúnpọ̀ ní inú, ohun tó ń nà ní ẹ̀yìn. Ọgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin àtijọ́ náà ló padà dé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òjò kì í ba fáíbà jẹ́ bó ṣe ń ba gọ́ọ̀mù awọ jẹ́, kò sì sídìí láti dúró fún ọdún kan. Láàrin àwọn ọdún 1950, recurve onífáíbà ti gbòde kan. Kò pẹ́ tó fi pàdé alátakò: Holless Wilbur Allen ti Missouri gba ìwé àṣẹ lórí ọrun tí kẹ̀kẹ́ kéékèèké wà lórí rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní compound, ní òpin 1969. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe recurve ní ọrun ìbílẹ̀. Síbẹ̀, òun ni wọ́n lò nígbà tí títa ọfà padà sí Òlíḿpíìkì ní Munich ní 1972, òun náà sì nìkan ni wọ́n lò títí di Paris 2024.

Ní ti ẹni tó fẹ́ rà á, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi agbára ṣe fáàrí. Òǹkà 45 tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 28 lára ọrun ń sọ pé pọ́ùn 45 ni yóò wà lórí ìka yín bí ẹ bá fà á dé ínṣì 28. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú, tó ń fà á dé 26, yóò rí nǹkan bíi 40. Pọ́ùn 25 sí 30 tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ti àgbọ̀nrín lè tó 40 sí 50, kí ẹ sì ka òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó jáde. Ẹni tó wà ní Bírítéènì lè fi ta àmì nìkan, nítorí òfin ọdún 1981 kò gbà kí wọ́n fi ọrun pa ẹranko ìgbẹ́. Ọrun tó ṣeé tú ni mo fẹ́ràn fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí apá ọrun nìkan ni yóò pààrọ̀ nígbà tí agbára tirẹ̀ bá pọ̀ sí i. Ọrun ọdẹ sábà máa ń jẹ́ ínṣì 58 sí 62, kó má baà kọ́ igi. Ti ìdíje a máa tó 66 sí 70, kì í sì í fún ìka mọ́ra púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọrun àwọn ọdún 1950 àti 1960 ṣì ń ṣiṣẹ́, owó wọn kì í sì í ga jù. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo apá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ọsán wà ní àárín gẹ́lẹ́. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá náà ti lọ́. Ọsán Dacron, èyí tó máa ń nà díẹ̀, ni kí ẹ sì so mọ́ ọn, nítorí àwọn ọsán òde òní tí kì í nà lè la orí rẹ̀.