Bí Ẹ̀wà Mendel Ṣe Gba Ọ̀rọ̀ Darwin Là

Nígbà tí Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, gbé ìwé rẹ̀ lórí bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà jáde ní 1859, ó ti rí i pé ẹ̀dá ń bí ju iye tí oúnjẹ lè bọ́ lọ, pé ọmọ ìyá kan náà kì í rí bákan náà, àti pé èyí tí ara rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ló ń pẹ́ tó fi ń bímọ. Ìyẹn ni àṣàyàn àdánidá. Ohun tí kò mọ̀ ni ọ̀nà tí ìrísí òbí ń gbà dé ara ọmọ. Èrò tó gbòde nígbà náà ni pé ti bàbá àti ti ìyá ń lú pọ̀, bí omi gbígbóná ṣe ń lú mọ́ omi tútù.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Fleeming Jenkin, fọwọ́ kan egbò náà ní 1867. Bí ẹyọ kan bá ní ìyàtọ̀ tó dára, èyí tí kò yàtọ̀ ni yóò bá bímọ. Àǹfààní náà á di ìlàjì lára ọmọ, ìdá mẹ́rin lára ọmọ-ọmọ, títí yóò fi pòórá. Kí wá ni àṣàyàn fẹ́ yàn? Ìbéèrè yìí ká Darwin lára.

Ohun tó ń dùn mí ni pé èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Gregor Mendel, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé kan ní ìlú Brünn, tó ń jẹ́ Brno lónìí, ti ń gbin ẹ̀wà pea láti 1856. Á ṣí òdòdó tí kò tíì tanná, á fi ẹ̀mú já ẹ̀yà akọ inú rẹ̀ dànù, á fi lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó mìíràn kàn án, á sì fi àpò bò ó kí kòkòrò má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tó pa ẹ̀wà roboto pọ̀ mọ́ èyí tó hunjọ, gbogbo ọmọ wọn rí roboto. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà so tiwọn: roboto 5,474, híhunjọ 1,850. Mẹ́ta sí ẹyọ kan. Híhunjọ kò lú mọ́ roboto, kò sì sọnù. Ó kàn fara pamọ́ fún ìran kan ni.

Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà ní 1866, àmọ́ díẹ̀ ló kọbi ara sí i. Mendel ka ìwé Darwin, ó tiẹ̀ fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Darwin kò lo iṣẹ́ Mendel níbì kankan. Àwọn méjèèjì ti kú kí Hugo de Vries àti Carl Correns, àwọn onímọ̀ ewéko, tó hú u jáde ní 1900.

Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ní fífò ni ẹ̀dá ń fò yí padà, àwọn mìíràn ní díẹ̀díẹ̀ ni. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, là wọ́n ní 1918: jíìnì, ìyẹn ẹyọ tó ń gbé ìrísí òbí dé ara ọmọ, púpọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá díẹ̀ ló ń para pọ̀ di gíga tàbí kúkúrú.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ìbéèrè tí Reginald Punnett, onímọ̀ nípa jíìnì, gbé lọ bá Hardy, onímọ̀ ìṣirò, ní 1908. Bí ìrísí kan bá ń borí èkejì, bí roboto ṣe borí híhunjọ, kí ló dé tí kò gba gbogbo agbo? Hardy ní bíborí lásán kì í yí iye padà. Wilhelm Weinberg, dókítà kan ní Jámánì, sọ bákan náà lọ́dún yẹn. Nítorí náà, bí iye jíìnì kan bá yí padà nínú agbo, nǹkan ló yí i: àṣàyàn, jíìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀, àlejò tó wọlé, tàbí kòńgẹ́ lásán, pàápàá bí agbo bá kéré.

Ní 1924, J.B.S. Haldane, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, lo ìṣirò láti wọn bí àṣàyàn ṣe lágbára tó lára àfòpiná ìlú Manchester ní England. Wọ́n rí dúdú níbẹ̀ ní 1848. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, èéfín ilé iṣẹ́ ti sọ èèpo igi di dúdú, ẹyẹ ń ṣa èyí tó funfun jẹ, dúdú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìlú. Haldane ní kó tó lè yá tó bẹ́ẹ̀, dúdú gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan bí ìlàjì ju funfun lọ nínú ọmọ tó ń yè. Lẹ́yìn òfin èéfín ti 1956, igi ń mọ́ padà, funfun náà sì ń padà. Bí jíìnì méjèèjì bá wà lára àfòpiná kan, ti dúdú ló ń borí. Ti funfun ti wà nínú àwọn àfòpiná dúdú kan ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí híhunjọ ṣe wà nínú ẹ̀wà roboto.