Fáìlì ti lọ nínú VM, kí ló dé tí pool ṣì kún?

Ìbéèrè: Proxmox ló wà lórí sáfà wa, VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) mẹ́fà ló gbé, ZFS, ètò tó ń tọ́jú dátà sórí dísìkì, sì ni pool rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ dísìkì tí gbogbo wọn jọ ń lò. Mo pa fáìlì àtijọ́ tó tó 200 GB rẹ́ nínú ọ̀kan lára wọn. Tí mo bá wo inú VM, àyè ti wà. Tí mo bá wo pool, 91% ló ṣì ń sọ. Èwo ló ń purọ́ nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó ń purọ́. Ayálégbé ló kó jáde tí kò dá kọ́kọ́rọ́ padà: yàrá ti ṣófo, àmọ́ onílé ò mọ̀, kò sì lè gbé e fún ẹlòmíì. Tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, Linux tó wà nínú VM kàn yọ orúkọ fáìlì náà kúrò nínú ìwé tirẹ̀ ni. Kò ránṣẹ́ sí ZFS nísàlẹ̀. Lójú ZFS, ibi tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí, nǹkan ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún?

Ìdáhùn: Ẹ lọ sí Hardware VM náà, ẹ ṣí dísìkì rẹ̀, ẹ fi àmì sí Discard, òun ló ń jẹ́ kí VM lè sọ fún ZFS pé ibi kan ti ṣófo. Orí VirtIO SCSI, ọ̀nà kan tí VM ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀, ni èmi máa ń fi dísìkì sí. Ẹ pa VM náà pátápátá kí ẹ tó tún un tàn. Ríbúùtù láti inú rẹ̀ ò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú VM, ẹ tẹ `fstrim -av`. Ó máa sọ iye tó dá padà fún yín.

Ẹ tún wo storage tí dísìkì náà wà lórí Proxmox, bóyá àmì wà ní Thin provision nígbà tí ẹ ṣẹ̀dá dísìkì náà. Bí kò bá sí, gbogbo ìwọ̀n dísìkì ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún VM láti ọjọ́ kìíní, ì báà ṣófo.

Ìbéèrè: Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Kò dín kù.

Ìdáhùn: Snapshot nìyẹn, ìyẹn àwòrán bí dísìkì ṣe rí lọ́jọ́ kan tí ZFS tọ́jú pa mọ́. Ẹ tẹ `zfs list -t snapshot`, kí ẹ wo abẹ́ USED. Ohunkóhun tó wà nínú VM lọ́jọ́ tí ẹ ya snapshot, ZFS ò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí snapshot náà bá lọ. Ó ti ṣe mí rí. Mo ya ọ̀kan ká tó ṣe update, mo pè é ní "ka-to-se-update", mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Àárọ̀ Sátidé kan, mo bá àmì pupa rúsúrúsú lára VM, wọ́n kọ io-error sí i: pool ti kún, VM ti dúró gbagidi. Èmi fúnra mi ni mo fà á.

Ìbéèrè: Ṣebí scrub wà, ṣé kò ní gbá ilẹ̀ náà?

Ìdáhùn: Orúkọ yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Scrub kì í gbá nǹkan kan dànù. Ńṣe ló ń ka gbogbo ohun tó wà nínú pool, tó ń fi checksum (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá dátà ti yí padà) yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ń fi ohun tó wà lórí àwọn dísìkì yòókù nínú mirror tàbí RAIDZ (ọ̀nà méjì tí dísìkì fi ń dáàbò bo ara wọn) tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Lórí Debian, tí Proxmox dúró lé, ó máa ń dá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kejì inú oṣù. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ tẹ `zpool status`, ẹ wo abẹ́ CKSUM; tó bá ti kọjá 0, ẹ yẹ wáyà àti dísìkì yẹn wò.

Ti kíkún, ẹ má dúró de 91%. ZFS kì í kọ nǹkan lé èyí tó wà nílẹ̀ lórí, ibi tuntun ló máa ń wá. Kódà kó tó pa nǹkan rẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí ibi tó ṣófo tó máa kọ ọ́ sí. Tèmi kì í kọjá 80% kí n tó wá nǹkan ṣe sí i.