Ẹ pe orúkọ wẹ́bùsáìtì yín sókè ná kẹ́ ẹ tó rà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣọ, tẹ́ ẹ ń se oúnjẹ tà, tẹ́ ẹ wá fẹ́ ra domain, ìyẹn orúkọ táwọn èèyàn máa tẹ̀ kí wọ́n tó dé orí wẹ́bùsáìtì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe ẹnì kan lórí fóònù, ẹ dárúkọ náà fún un lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tó bá ṣì í tẹ̀, kọ́sítọ́mà náà máa ṣì í tẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó ti máa ń dojú rú jù fáwa Yorùbá ni ṣ. Ẹ wo aṣọ òkè: ẹnì kan á tẹ asooke, ẹlòmíì asoke, ẹlòmíì ashoke, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan náà ni gbogbo wọn gbọ́. Tí ṣ bá wà nínú orúkọ yín, ẹ ra ti s, ẹ ra ti sh, kẹ́ ẹ ní kí ìkan máa gbé èèyàn lọ sí èkejì, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́sítọ́mà tó ṣìnà. Ẹ má sì fi nọ́ńbà há a láàárín.

Tó bá jẹ́ Nàìjíríà nìkan lẹ ti ń tajà, .ng tàbí .com.ng dáa, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní NiRA ló ń bójú tó wọn. Tẹ́ ẹ bá ń fi ọjà ránṣẹ́ sí London tàbí Houston, ẹ wá .com mọ́ ọn. Pé ẹ ti forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ ní CAC ò ní kí domain ẹ̀ jẹ́ tiyín o, ẹ yẹ méjèèjì wò kẹ́ ẹ tó tẹ orúkọ náà sára páálí àti nylon.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Ọ̀pọ̀ máa ń kówó fún ẹni tó ń bá wọn ṣe wẹ́bùsáìtì, ìyẹn á wá fi orúkọ àti íméèlì tara ẹ̀ ra domain. Ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọ́n máa kà sí ẹni tó ni ín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jà ńkọ́, tàbí tó japa tí nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́? Ẹ jókòó tì í, kó fi orúkọ àti íméèlì yín rà á, kẹ́ ẹ fi káàdì yín sanwó.

Tí ọdún tẹ́ ẹ san fún domain yín bá pé tẹ́ ò san òmíì, .com kì í sábà bọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti fi owó gọbọi gbà á padà, ọjọ́ 5 lẹ́yìn ìyẹn ẹnikẹ́ni lè rà á. Ẹ lè san owó tó tó ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan náà, tápá yín bá ká ọdún mẹ́ta, ẹ san án.