Eku kò lè sọ pé ‘ó ń jó mi’: bí wọ́n ṣe ń wọn ìrora egbò iná àti ìsoríkọ́ lára ẹranko

Ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu. Ó lè ní ó ń jó òun, ó ń ta òun, ó ń gún òun, tàbí pé gbogbo apá náà ń ro òun. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, tí egbò ti ń jiná, ó tún lè sọ pé oúnjẹ ò wu òun jẹ mọ́, òun ò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń tọ́jú egbò iná mọ ọ̀rọ̀ kejì yìí dáadáa. Ìrora àti ìsoríkọ́ sábà máa ń jọ wọlé ni, ọ̀kan a sì máa koná mọ́ èkejì. Ohun tó ṣòro ni láti mọ ohun tó so wọ́n pọ̀ nínú ara, nítorí kò sẹ́ni tó máa jó ènìyàn níná torí ìwádìí, kò sì sẹ́ni tó máa la ọpọlọ aláìsàn wò kó tó mọ̀. Ibẹ̀ ni eku ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Eku kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Bí ìwà rẹ̀ ṣe máa dípò ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ náà.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kun eku lóorun kí iná tó kàn án. Bó bá jẹ́ pé ìjóná ńlá ni wọ́n fẹ́ wádìí, ọ̀nà tí Walker àti Mason gbé jáde ní 1968 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé: wọ́n á gbé eku sínú ohun kan tó ní ihò, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló máa yọ níbẹ̀, wọ́n á wá kì í bọ omi gbígbóná. Bí ihò bá ṣe tóbi tó ni egbò á ṣe tóbi tó, èyí ló jẹ́ kí eku ogún jóná bákan náà. Ṣùgbọ́n fún ìwádìí ìrora, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ti tó. Àwọn kan máa ń gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ lé irin tó gbóná dé ìwọ̀n 52 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú àáyá 45. Ìjóná fẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn máa ń ki ẹsẹ̀ náà bọ omi tó gbóná dé ìwọ̀n 85 fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Èyí jinlẹ̀, ó sì máa ń fa ìrora fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn eku kan náà á tún wà tí wọ́n kùn lóorun bákan náà, àmọ́ tó jẹ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ki ẹsẹ̀ wọn bọ̀. Láìsí àwọn wọ̀nyí, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá iná ló ṣe é, tàbí oògùn oorun, tàbí pé ọwọ́ ènìyàn ṣẹ̀rù bà á.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: ibi tí iná ti jó jinlẹ̀ jù kọ́ ló máa ń dùn jù. Iná ti jó iṣan ìmọ̀lára tó wà láàárín egbò pa, nítorí náà ó kú tíìrì. Etí egbò, níbi tí iṣan ti farapa tí kò sì kú, ni ìrora wà. Ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò tó lọ fọwọ́ kan àárín gbùngbùn lè rò pé ara eku ti yá.

Lára iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TRPV1. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 43, ilẹ̀kùn náà á ṣí. Èròjà tó ń mú ata ta náà máa ń ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ata rodo fi ń jóni lẹ́nu láìsí iná níbẹ̀. Ní 1997 ni David Julius àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní California rí i, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, òun àti Ardem Patapoutian. Lẹ́yìn ìjóná, àwọn èròjà tí ara ń tú síbi egbò máa ń mú kí ilẹ̀kùn yìí ṣí fún ooru tí kò tó nǹkan, tí omi ìwẹ̀ lásán á fi dà bí omi híhó. Kò tún tán síbi egbò. Ní 1983, Clifford Woolf fi ooru pa ẹsẹ̀ eku lára ní London, ó sì rí i pé inú ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an ti yí padà: ó ti ń ké ìrora fún ìfọwọ́kàn tí kò yẹ kó dùn rárá. Ó dà bí ẹni tí olè ti wọlé rẹ̀ rí. Ológbò fò lu páànù lásán, ó ti fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìdàgìrì yìí ni wọ́n ń wọ̀n. Àgò tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ oníwáyà tó lu bí asẹ́. Wọ́n á gbé eku sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Á máa fi imú yẹ gbogbo igun wò, á máa fọwọ́ nujú, ó lè tó ìdajì wákàtí kó tó farabalẹ̀. Olùwádìí á wá mú okùn ọ̀rá kan tó tín-ín-rín bí irun, á fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á sì máa tì í títí okùn náà á fi tẹ̀. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀, bíi láti 0.4 gíráàmù dé 15. Bí eku bá já ẹsẹ̀ gbà, tó gbọ̀n ọ́n, tàbí tó lá a, ó ti dáhùn nìyẹn. Eku tí ara rẹ̀ dá máa ń fara da okùn tó le; èyí tó jóná á já ẹsẹ̀ gbà fún èyí tó fẹ́lẹ́. Max von Frey, tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irun gidi ló sì lò. Ìdánwò ooru náà wà, láti 1988: wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ tó ń mú ooru wá sí ẹsẹ̀ láti abẹ́ díńgí, aago á dúró nígbà tí eku bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kò gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jóná nínú wọn.

Ti ìsoríkọ́ ló le. Ìdánwò tó lókìkí jù lọ ni ti Roger Porsolt, láti 1977: wọ́n á ju eku sínú ìkòkò díńgí gíga tó ní omi, tí kò rí ibi gùn jáde, wọ́n á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi léfòó láìjà mọ́. Wọ́n ní èyí tó tètè juwọ́ sílẹ̀ ló soríkọ́. Àwọn mìíràn ní ó kàn gbọ́n ni, ó ń ṣọ́ agbára rẹ̀ ná. Ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà tilẹ̀ ti fi òfin dè é ní 2024. Níbi ọ̀rọ̀ ìjóná, ẹ̀sùn mìíràn tún wà lọ́rùn rẹ̀: ẹsẹ̀ tí eku fi ń wẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Bí kò bá wẹ̀, ọkàn ló rẹ̀ ẹ́ ni, àbí ẹsẹ̀?

Ìdánwò ṣúgà sàn ju ìyẹn lọ, nítorí kò béèrè ẹsẹ̀. Ìgò méjì ni wọ́n máa ń gbé kọ́ sí àgò, omi lásán wà nínú ọ̀kan, omi tí wọ́n bu ṣúgà díẹ̀ sí, bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú èkejì. Ilẹ̀ á ṣú, eku á jí, torí òru ni ọ̀sán tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á wọn ìgò méjèèjì. Bí ó bá mu gíráàmù 30, tí 26 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ṣúgà, ayé ṣì dùn mọ́ ọn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 16, adùn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi lẹ́nu rẹ̀ mọ́, bíi ti ẹni tí oúnjẹ ò wù jẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ipò ìgò méjèèjì, torí eku kan lè kàn fẹ́ràn ọwọ́ ọ̀tún.

Láti mọ èyí tó ṣáájú nínú ìrora àti ìsoríkọ́, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà. Àwọn kan máa ń jó eku, wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbé ìgò wá. Àwọn mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsoríkọ́. Ìran eku kan wà, Wistar Kyoto, tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìfàsẹ́yìn ni ìwà rẹ̀. Wọ́n sì lè fi ìyọlẹ́nu kéékèèké sọ eku mìíràn dà bẹ́ẹ̀: ibùsùn tútù lónìí, àgò tó dagun lọ́la, iná tí wọn ò pa lóru, títí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n á wá jó o lẹ́sẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìrora rẹ̀ á pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn nǹkan tí kò sẹ́ni tó ń fọkàn sí náà máa ń ba èsì jẹ́. Ní 2014, àwọn ọmọ ìwádìí Jeffrey Mogil ní Montreal fi hàn pé bí ọkùnrin bá wà nítòsí, tàbí ẹ̀wù tí ọkùnrin ti wọ̀ lásán, òórùn rẹ̀ máa ń kó ìpayà bá eku débi pé ìrora rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Awọ náà yàtọ̀: ti eku rọ̀, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń fa ojú egbò pa dé, ohun tí tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ló sún mọ́ ti ènìyàn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa fi irun gún ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀? Ìṣòro tó wúwo jù ni pé oògùn tó yẹ kí wọ́n fi tu eku lára ni yóò bo ohun tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ìwádìí fi ń béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ méjì, Russell àti Burch, ti ń béèrè láti 1959: ṣé kò sí ohun mìíràn tó lè dípò ẹranko, ṣé iye rẹ̀ kò lè dín kù, ṣé ìyà rẹ̀ kò lè fúyẹ́?

Ní 2012, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà mú eku tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n sì rí i pé ẹnzáìmù kan (èròjà tó ń yí èròjà mìíràn padà nínú ara), IDO1, ti pọ̀ sí i nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹnzáìmù yìí máa ń darí tryptophan, èròjà oúnjẹ tí à ń rí nínú ẹ̀wà àti ẹyin, gba ọ̀nà mìíràn, dípò kó di serotonin tó ń tún inú ṣe. Nígbà tí wọ́n dí i lọ́wọ́, ìrora rọlẹ̀, ìṣesí ìsoríkọ́ náà rọlẹ̀. Oríkèé wíwú nìyẹn, kì í ṣe iná. Bí wọ́n bá fẹ́ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ eku tó jóná, okùn ọ̀rá ló máa dáhùn láàárọ̀, ìgò méjèèjì á dáhùn lóru, lára eku kan náà.