Ẹ Kọ́kọ́ Gbé Orin Yín fún Gángan

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, òkèlè àmàlà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ki fóònù bọ̀ mí létí. "Bàbá Àyàn, ẹ dá wa láre. Ẹ̀gbọ́n mi ní orin yìí ò nítumọ̀. Èmi ní kò sí orin tó dára tó o ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin lẹ mọ orin, ẹ wí nǹkan." Orin Asake àti Olamide ni, èyí tí wọ́n pè ní "Amapiano". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé òkèlè náà mì, òun náà ti dé: "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn, ariwo ni."

Mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi lọ́dún yìí. Ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú ni o, ìwúyè ni o, bí wọ́n bá ti rí ẹni tó gbé ìlù kọ́ apá, adájọ́ dé nìyẹn. N ó sọ tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbí, kí n lè máa rójú jẹun.

Ẹni tó bá fẹ́ gbè sẹ́yìn orin, òkè òkun ló máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. "Essence" tí Wizkid àti Tems kọ dé ipò 9 lórí àtẹ orin Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹwàá ọdún 2021. Èyí tí Asake àti Olamide kọ wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún Grammy ọdún 2024, kí "Water" ti Tyla, ọmọ South Africa, tó gba ẹ̀bùn náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo kí gbogbo wọn kú oríire. Àmọ́ iye èèyàn tó tò sídìí agbada kọ́ ló ń sọ bóyá wọ́n lọ ẹ̀wà àkàrà náà kúná. Ẹni tó sì fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu orin ọ̀hún, "kò nítumọ̀" ló ń pè é, bí ẹni pé gbogbo èyí tí bàbá tirẹ̀ jó sí láyé ọjọ́sí ló nítumọ̀. Mo bá wọn lu ìlù ọjọ́sí náà. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Ìdánwò tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Mo máa ń gbé orin náà fún gángan. Kí olórin dákẹ́, kí ẹ̀rọ dákẹ́, kí gángan nìkan sọ ọ́. Bí ìyá àgbà tó jókòó ti ògiri, tí kò gbọ́ orin náà rí, bá mi orí pé òun mọ ohun tí mo wí, ẹni tó kọ orin yẹn mọ iṣẹ́. Bó bá wo ojú mi tó ní "kí lèyí ń wí?", ó kù díẹ̀ káàtó.

N kò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni ní dò, rè, mí níbí. Bó o bá ń sọ Yorùbá, o ti mọ̀ ọ́n kó o tó mọ ọmú tù. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ìjà tó wà láàárín ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ mú "orí" bí àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ọmọ tó gbé maikirofóònù lónìí tí kì í ké pe orí rẹ̀. Rè, mí ni orí. Bí ẹni tó hun orin náà bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó fò ó sókè, ó di dò, mí. Òrí nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ń pa ara. Ẹ rò ó wò: géńdé ọkùnrin dúró níwájú ẹgbàágbèje èrò, ó di ojú, omijé ń bọ́, ó ń bẹ ìpara pé kó má ṣàì gbè òun. Àwọn èrò náà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń ṣe àmín.

Wọ́n á ní, "Bàbá, ṣebí ó yé gbogbo èèyàn." Ó yé wọn, nítorí pé ẹnu ní ahọ́n àti ètè tó ń gba ọ̀rọ̀ là. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e á fi ọ̀nà han olùgbọ́. Gángan ò ní ètè. Ohùn nìkan ni wọ́n fún un láyé, òun náà ló fi ń kí ọba, tó fi ń bú ọ̀lẹ, tó fi ń pe òkú ọ̀run. Bí ohùn bá ti purọ́, kò sí ohun mìíràn tó máa bá a tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé orin fún un: kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe ojúsàájú.

Kì í ṣe àwọn ọmọ òde òní ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn sí Yorùbá ki ọ̀rọ̀ wa bọ inú ohùn Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ki ẹsẹ̀ àgbà bọ bàtà ọmọdé. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ lọ́rùn. Ó kọ orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ó sì kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní kàtídírà Marina l'Ékòó kọ odindi ìwé lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, dùùrù òyìnbó ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì rí i. Èwo ló wá ń ṣe ẹni tí wọ́n bí sí Àgége, tí ìyá rẹ̀ ń fi òwe bá a wí lójoojúmọ́?

Ẹ lọ gbọ́ Haruna Iṣọ̀lá, olórin àpàlà. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin sí àtẹ́lẹwọ́, ohùn ò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rìn. Ọmọ iṣẹ́ mi tó bá fẹ́ gba òmìnira, orin Haruna ni mo máa ń ní kó fi gángan kà fún mi, n ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́ tí wọ́n fi ba àmàlà mi jẹ́. Ohun tí Asake mọ̀ ni lílé àti gbígbè. Ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa ń gbè é lẹ́yìn yẹn, ẹni tó bá jí sí orin wéré rí nígbà sààrì, tàbí tó bá ti jókòó ti Bárrister onífújì, mọ agbo ilé tó ti wá. Ó dára, mi ò ní í fi ìlara bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń da ọ̀rọ̀ bí ẹni ń da àgbàdo sínú àpò, ohùn ò sì ráyè bá gbogbo rẹ̀ dé. Nígbà tí mo gbé orin rẹ̀ fún gángan, ègbè wọlé, lílé fọ́n ká. Ti Wizkid àti Tems, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní dò, rè, mí nínú ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Gángan ò lè sọ ọ́, yóò kàn kùn ún ni. Orin tó ṣeé kùn lè dùn, èyí sì dùn. Mo máa ń kùn ún fúnra mi bí mo bá ń fa awọ. Kò kàn sí nínú ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ gbé mi dìde nídìí oúnjẹ ni.

Nǹkan tí wọ́n sì ń pè ní "log drum" nínú irú orin amapiano tó ti South Africa wá yìí, mo ní kí ọmọ kan fi hàn mí. Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kò sí igi, kò sí awọ. Ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbá àgbá omi láti ìsàlẹ̀ kànga. Ó dùn mọ́ ẹsẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìlù tí ọyẹ́ kò fà le rí, tí òjò kò mú rọ̀ rí títí wọ́n fi gbé e sáàrin oòrùn bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́, tí ewúrẹ́ kankan ò sì kú nítorí rẹ̀, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn fún un.

Olórin kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ gan-an. Àwọn tó ń fi gángan dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni, tí gbólóhùn tí wọ́n mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń tọrọ owó. Àwọn kejì ni àwọn ọmọ sitúdíò tó ń já ohùn gángan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ orin. Mo gbọ́ orin ìfẹ́ kan bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin ń sọ fún ọmọbìnrin pé òun ò ní í fi í sílẹ̀ láéláé, gángan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tún un sọ pé, "Ó dìgbóṣe, ó dàrìnnàkò." Ìsìnkú ni wọ́n ti gba ohùn yẹn sílẹ̀! Mo pe ẹni tó ṣe é. Ó ní ohun tí òun ń wá ò ju "ìmọ̀lára Áfíríkà" lọ.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó ń wá sílé mi lóru. Èyí tó wá gbẹ̀yìn gbé orin rẹ̀ dání sínú fóònù, ó ní kí n bá òun fi Àyàn sí i kó lè gbòde. Ó ní ẹnì kan ti sọ fún òun pé gbogbo orin tó ń lọ lókè wọ̀nyẹn, wọ́n sin nǹkan sábẹ́ ìlù wọn ni. Mo ní kó kọ orin náà sí mi létí. Ìlà kìíní, orí ti di òrí. Mo ní ọmọ mi, Àyàn Àgalú tí bàbá mi bọ kì í tún orin burúkú ṣe, lọ tún un kọ. Inú bí i. Mo gbọ́ pé ó padà san owó náà fún ẹlòmíràn.

Ohùn kì í ṣe nǹkan eré, ẹ gbọ́ mi. Àwa tá a dàgbà n'Íbàdàn rántí ohùn ìlù tí rédíò Nàìjíríà fi ń ki ara rẹ̀ nígbà kan. Ohun tí wọ́n ní kó wí lọ́tọ̀, ohun tí ọmọ ìgboro gbọ́ lọ́tọ̀: "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín.

Ní nǹkan bí ọdún 11 sẹ́yìn, wọ́n pè wá síbi ìdána kan nílùú tí n kò ní í dárúkọ. Orin Gẹ̀ẹ́sì kan gbòde nígbà náà, n kò ní í dárúkọ òun náà. Nígbà tí ìyàwó ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, alága ìjókòó ní kí àwọn onílù fún òun ní orin náà. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà, mò ń tún ṣaworo ìyáàlù so. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé gángan, ó kùn ègbè rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú ohun tó ń ṣe, ohùn lásán ni. Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fò sókè. Àwọn àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ ìlù. Dò dò mí, dò-mí, rè, mí rè, mí. Ẹ fi ẹnu yín wò ó. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé, "Ìyàwó yìí ti bímọ rí."

Ègbè sì ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó tó ìgbà mẹ́fà kí n tó sáré wọlé. Àbúrò bàbá ọkọ ti dìde dúró, àwọn obìnrin apá ọ̀tún ti dákẹ́, alága ìdúró ń wo alága ìjókòó. Mo já gángan gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní orin rédíò ni, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fóònù lù ú fún yín. Wọ́n lù ú. Àwọn àgbà fetí sí i, wọ́n rí i pé ohùn kan náà ni, ara wọn rọlẹ̀. Wọ́n gba igo ọtí méjì àti àbọ̀ owó iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ìdána parí, wọ́n gba àdúrà, wọ́n jẹun. Ìyá ìyàwó nìkan ni mi ò tún rí níta.

Nírọ̀lẹ́, a ń di ẹrù, bàbá ìyàwó fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó mú mi lọ sẹ́yìn kànga. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Bàbá Àyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Ta ló sọ fún yín?"

Mo búra fún un pé ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ó ki owó bọ̀ mí lápò, ó ju gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lọ. Nínú mọ́tò, ọmọ iṣẹ́ mi rí i tí mò ń kà á. Ó béèrè pé kí ló dé tí bàbá ìyàwó tún fún wa lówó. Mo ní orin náà ló dùn mọ́ ọn.