Kí ló dé tí irúgbìn ewé tíì tí mo gbìn kò hù?

Bàbá ilé kejì ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá bá mi. Wọ́n ra irúgbìn inú ọ̀rá kékeré, àwòrán ewé tíì wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti ń bomi rin ín láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Koríko hù lóòótọ́. Wọ́n já ewé kan, wọ́n fi ọwọ́ ra á, wọ́n nà án sí mi nímú: kò ta sánsán rárá. Àwọn ìbéèrè wọn nìyí.

Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo lẹ rí òdòdó lórí ewé tíì ẹ̀yìnkùlé ìyá yín rí? Ewé tíì tiwa, tí àwọn mìíràn ń pè ní koríko ọba (Cymbopogon citratus), kì í sábà tanná, ká má tíì sọ pé yóò so. Èyí tí wọ́n sábà máa ń tà ní irúgbìn ni ìbátan rẹ̀ láti Íńdíà, Cymbopogon flexuosus, irúgbìn tiẹ̀ náà kì í sì í pẹ́ kú nínú ọ̀rá. Koríko tó hù yìí, inú iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ bù ló ti wá.

Ọmọ ni wọ́n ń ya lára ìdí ewé tíì, bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ yọ ọ́ tòun ti gbòǹgbò, ẹ gé ewé orí rẹ̀ kúrú kí oòrùn má bàa fà á gbẹ, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ó parí.

Kí ló ń mú ewé tíì ta sánsán bí lẹ́mọ́ọ̀nù?

Ohun kan tí wọ́n ń pè ní citral ni. Nínú òróró ewé tíì, ó sábà máa ń tó ìdá 65 sí 85 nínú 100. Nínú òróró èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, kì í sábà ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Ẹ ò rí i pé ẹni tá a fi ń ṣe àpèjúwe gan-an ni kò ní púpọ̀!

Èwo wá nínú ewé tó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀ ni mo lè gbìn láti inú irúgbìn?

Efínrín olóòórùn lẹ́mọ́ọ̀nù, ọmọ ìyá efínrín wẹ́wẹ́. Ẹ ju horo irúgbìn rẹ̀ díẹ̀ sínú ṣíbí omi kẹ́ ẹ wò ó. Kó tó pẹ́, horo dúdú yẹn á ti wọ ẹ̀wù funfun tó ń yọ̀ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ará Thailand ń fi í sínú ohun mímu dídùn. Nítorí yíyọ̀ yìí, ẹ má rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó gbìn ín, ọwọ́ yín ni gbogbo rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́. Gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù, kẹ́ ẹ sì wọ́n iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e bí ẹni wọ́n iyọ̀ sórí ẹyin sísè. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10, ó ti yọjú.

Ẹ dá ihò sí ìdí ike, ẹ gbé e sínú abọ́ omi kó fa omi látìsàlẹ̀. Abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo gbé tèmi sí lọ́dún kan. Òjò ẹyọ kan gbá gbogbo irúgbìn jọ sí igun kan. Bí omi bá sì pọ̀ jù, ọrùn èéhù á tín-ín-rín, á dojú bolẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ẹ má gbìn ín ti efínrín mìíràn bẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn, àwọn kòkòrò oyin á pò wọ́n pọ̀.

Ọmọ mi ní London ní lemon balm, ewé mìíràn tó ń ta sánsán bí lẹ́mọ́ọ̀nù, hù fún òun wẹ́rẹ́.

Á hù. Ibi tútù ló fẹ́. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí iyẹ̀pẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń jí i, nítorí náà ẹ má bò ó. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́hùn-ún, bí wọn ò bá tètè gé òdòdó rẹ̀, á gba ọgbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Níbí, ooru máa ń dá a lágara, abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ewé tíì tiwa ni kì í fara da òtútù tiwọn.

Ṣé ẹ̀fọn á sá?

Fún ewé tó dúró jẹ́ẹ́ nínú ìkòkò? Rárá o. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì.

Mo ya ọmọ ewé tíì méjì fún wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì koríko wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi.