Ṣé ó yẹ kí bọ́jì ní dígí nínú kéèjì rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ń dàrú mọ́ àwọn tó ń sin ẹyẹ bọ́jì (budgie) lójú. Àwọn dókítà ẹyẹ ń ní kí wọ́n yọ dígí kúrò nínú kéèjì, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ta ẹyẹ náà ló ta dígí mọ́ ọn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá rèé.

Ẹyẹ wo ló ń jẹ́ bọ́jì?

Ìbátan odídẹrẹ́ ni, àmọ́ ó kéré gan-an. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 40 lọ. Ọsirélíà ló ti wá, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n sì máa ń fò kiri lágboolágbo láti wá omi àti èso koríko. Ní 1840 ni John Gould, onímọ̀ nípa ẹyẹ, kó àwọn tó wà láàyè dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, látìgbà náà ni wọ́n sì ti ń gbé pálọ̀ àwọn èèyàn. Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, pàápàá sin ọ̀kan, Toby lorúkọ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ agbo yẹn sọ́kàn, torí ẹyẹ tí kì í dá rìn la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣé ó mọ̀ pé ara òun lòun ń wò?

Kò sí ẹ̀rí pé ó mọ̀. Ní 1970, Gordon Gallup, olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi oògùn kun àwọn ìnàkí lóorun, ó fi ọ̀dà sí wọn lókè ojú, ó sì gbé dígí síwájú wọn nígbà tí wọ́n jí. Wọ́n wo dígí, wọ́n sì fọwọ́ kan ibi tí ọ̀dà wà lójú ara wọn. Ẹni tó bá rò pé ẹlòmíì lòun ń wò kò ní máa fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀. Ní 2008, ní Jámánì, ẹyẹ magpie, ìbátan kannakánná, yege irú ìdánwò náà.

Odídẹrẹ́ tiwa ńkọ́, ẹyẹ tó ni ìkóódẹ́? Irene Pepperberg, olùṣèwádìí nípa odídẹrẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tiwọn jáde ní 1995. Àwọn odídẹrẹ́ náà lè fi dígí wá nǹkan tí wọ́n fi pa mọ́ rí, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n wọn ò fi hàn pé wọ́n dá ara wọn mọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má wá retí iṣẹ́ ìyanu lọ́wọ́ bọ́jì.

Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò sọ pé bọ́jì gọ̀. Ojú ni ìdánwò yẹn gbára lé, ohùn sì ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ fi ń dá ara wọn mọ̀.

Ta ló wá rò pé ó wà nínú dígí?

Bọ́jì mìíràn, irú èyí tí kì í bá a du oúnjẹ, tí kì í sì í jáde nílé.

Bí inú rẹ̀ bá ń dùn, kí ló wá burú níbẹ̀?

Bí akọ bọ́jì bá fẹ́ràn abo, á pọ oúnjẹ jáde láti inú àpò tó wà lọ́rùn rẹ̀, á sì fi bọ́ ọ lẹ́nu. Abo gidi á gbé e mì, tó bá yá á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó wà nínú dígí kì í gbé mì, kì í sì í sọ pé ó tó. Akọ á wá máa pọ oúnjẹ sára dígí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹyẹ á máa rù, àpò ọrùn rẹ̀ lè kó àrùn, nígbà míì á tún padà jẹ èyí tó ti kan mọ́ dígí.

Tábo tún le jù. Ó lè gbà pé òun ti rí ọkọ, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin léraléra. Ara egungun rẹ̀ ni kálísíọ́mù tó fi ń ṣe èèpo ẹyin ti ń jáde, ẹyin sì lè há sí i nínú, èyí tó máa ń pa bọ́jì. Àwọn míì á di oníjà, wọ́n á máa ṣọ́ dígí bí onílé tó ń ṣọ́ ayálégbé tó jẹ gbèsè.

Kì í ṣe gbogbo bọ́jì ló ń rí báyìí. Ọ̀pọ̀ á wò ó díẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ akọ yàtọ̀ sí abo?

Ẹ wo ibi ihò imú, lókè ẹnu rẹ̀: ti akọ tó ti dàgbà sábà máa ń jẹ́ búlúù, ti abo á jẹ́ búráùn.

Ṣé dígí ni kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

Ó lè dá kún un. Ohùn ẹni tó bá kà sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni bọ́jì máa ń sín jẹ. Bọ́jì kan wà rí ní California, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Puck, ọ̀rọ̀ 1,728 ni ìwé Guinness kọ sílẹ̀ pé ó mọ̀. Ó dájú pé èèyàn ló kọ́ ọ.

Ṣé kí n yọ dígí lónìí?

Bó bá ń pọ oúnjẹ sí i, tó ń bá a jà, tàbí tó ń yé ẹyin, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ tó jẹ́ pé dígí nìkan ló ní, ẹ má ṣe já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì. Ẹ dín wákàtí rẹ̀ kù, kẹ́ ẹ fi igi tí kò lọ́dà tó lè máa họ dípò, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í. Bó bá ń bì nígbà tí dígí ò sí, tí ìyẹ́ orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, àìsàn nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣé dandan ni kí n ra èkejì?

Ní Switzerland, dandan ni: láti 2008 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí irú ẹyẹ yìí má dá gbé. Níbi tí kò ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ọkàn yín ni. Lójú tèmi, ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé lálẹ́ kò gbọ́dọ̀ sin ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ ya àlejò náà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí àrùn. Akọ méjì máa ń gbé pọ̀ dáadáa. Abo méjì, ìjà lè dé.

Ṣé dígí fúnra rẹ̀ lè ṣe é léṣe?

Bó bá fọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ yẹra fún dígí àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí, àti ìkọ́ tó ní òjé tàbí síńkì: bọ́jì á máa họ ọ́, májèlé á sì wọ̀ ọ́ lára.

Dígí ara ògiri ńkọ́?

Ẹ fi aṣọ bò ó kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀ kó fò nínú ilé, kẹ́ ẹ sì ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé, torí á fò lù ú tagbáratagbára. Ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì pẹ̀lú. Bí páànù nonstick (èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́) bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ tí ẹ̀yin ò ní gbóòórùn lè pa bọ́jì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.